Exploration Green ní Clear Lake: mo lọ wo ilẹ̀ gọ́ọ̀fù tí àwọn ará àdúgbò ò jẹ́ kí wọ́n kọ́lé sí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó bá mọ̀ mí á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí pé kí ni mo wá ń wá nídìí ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù, èmi tí mi ò di igi gọ́ọ̀fù mú rí láyé mi. Ẹ fara balẹ̀, ó nídìí.

Ládùúgbò wa níbí, apá ìwọ̀ oòrùn Houston, pápá gọ́ọ̀fù kan wà tí wọ́n ti tì pa. Koríko ibẹ̀ ti dé orúnkún, ilé kíláàbù tí àwọn bàbá olówó ti ń mu bíà ti di ilé ejò, ẹni tó ni ilẹ̀ sì ń wá ẹni tó máa rà á kọ́lé. Làwọn ará àdúgbò bá dìde, wọ́n ní MUD wa ni kó ra ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé Texas, MUD làwọn tó ń pèsè omi fún wa, tó ń kó omi ìdọ̀tí lọ, tó sì ń gba owó orí lọ́wọ́ wa nítorí ẹ̀, ìjọba kékeré kan ni ká kúkú pè é.

Ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Màmá òyìnbó kan ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, òógùn ti bò wọ́n, mo bu omi fún wọn mu, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó ná. Irọ́ ni mo pa. Mi ò fẹ́ ro nǹkan kan. Ohun tó wà nínú mi ni pé owó orí ilé tí à ń san ní Texas yìí ti fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ara èèyàn tán, kí n wá tún fowó ara mi ra pápá ìṣeré fún àwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo gba ibẹ̀ kọjá nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n rò pé mo wá tún éásíì wọn ṣe ni? Kí àwọn tí ẹ̀yìnkùlé wọn kọjú sí i dáwó jọ kí wọ́n rà á jàre.

Ni mo bá ń ráhùn nípa ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan lórí fóònù, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń gbé Clear Lake. Wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ tán, wọ́n ní, "Ṣé o ti parí? Sátidé tó ń bọ̀, kó ìyàwó àtàwọn ọmọ wá, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi hàn yín." Bí mo ṣe dé Exploration Green nìyẹn o, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Clear Lake wà ní gúúsù ìlà oòrùn Houston, lójú ọ̀nà Galveston, ẹ gba òpópónà márosẹ̀ 45, ẹ yà ní Bay Area Boulevard. Ibẹ̀ ni NASA wà, Johnson Space Center tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń bá àwọn tó lọ sójú òṣùpá sọ̀rọ̀, orúkọ páàkì náà gan-an, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò sójú ọ̀run ló wà nínú ẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ wa, wákàtí kan ni, ìyẹn tí gosíloò ò bá sí, ẹ sì mọ̀ pé ó máa ń sí.

Àárín ilé ni páàkì yìí wà o, ẹ má lọ máa wá géètì ńlá kan. Ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, ìwọ á kàn rí i pé ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ fẹ̀ẹ̀rẹ̀, omi wà láàárín, ọ̀nà ìrìn yí omi ká. Pápá gọ́ọ̀fù ni gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Clear Lake Golf Course, láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ àdúgbò náà dó láwọn ọdún 1960. Ọdún 2005 ni wọ́n tì í pa. Ẹni tó ni ín fẹ́ fi ilẹ̀ náà kọ́lé, àwọn ará àdúgbò yarí pé kò ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ wá di fà á kí n fà á, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà lẹ́nu ẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, Clear Lake City Water Authority, àwọn tó ń bójú tó omi wọn bíi ti MUD tiwa, lo agbára tí òfin fún ìjọba láti gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ará ìlú kó sì san owó ẹ̀. Ọdún 2011 ni ilẹ̀ náà di tiwọn, owó tí wọ́n san lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 6 dọ́là, ilẹ̀ tó sún mọ́ éékà 200.

Mílíọ̀nù mẹ́fà! Èmi náà pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o mọ ohun tí omi bà jẹ́ nílé tìẹ nìkan?" Ó di pé mo dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí òun gan-an ló yí mi lọ́kàn padà, kì í ṣe òdòdó tàbí afẹ́fẹ́ tútù. Houston tẹ́ bí àwo. Amọ̀ ni ilẹ̀ ẹ̀, kì í tètè mu omi, èyí tí ì bá sì mu díẹ̀ náà, a ti fi ilé àti títì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí bò ó mọ́lẹ̀. Tójò bá rọ̀, omi á ti ojú títì wọ gọ́tà, láti gọ́tà ó fẹ́ lọ sínú bayou, ìyẹn àwọn odò tó ń gbé omi òjò Houston lọ sókun, bayou yẹn náà sì ti kún torí gbogbo Houston ló ń da omi sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi á wá padà sẹ́yìn. Ibo ló fẹ́ lọ? Pálọ̀ yín ni.

Ohun tó lè gba èèyàn là ni kí ibì kan wà tí omi máa dúró sí títí bayou á fi ráyè gbà á. Bí ìgbà tí ìyá àgbà bá gbé agbada sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni, àfi pé agbada tibí tóbi. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí wọ́n ti kọ́ ilé kún láti ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ibo lẹ fẹ́ gbẹ́ kòtò ńlá sí láìjẹ́ pé ẹ wó ilé èèyàn? Pápá gọ́ọ̀fù nìkan ló kù. Ẹ wò ó láti òkè lórí máàpù, bó ṣe máa ń rí ni pé ó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín ilé bí ejò, ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbà kọjá, èyí tó wà ní Clear Lake yìí náà, ojú ọ̀nà omi ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá kọ́ ọgọ́rùn-ún ilé sórí ẹ̀, kì í ṣe pé ẹ kàn sọ ibi tómi lè dúró nù nìkan o, ẹ tún fi òrùlé àti kọnkéré tuntun kún èyí tó ń da omi sílẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi yarí nìyẹn. Mo ti rò pé wọ́n ń jà kí ilé wọn má bàa já lówó ni, kí n má purọ́, ìyẹn náà á wà nínú ẹ̀, òyìnbó ò ṣeré pẹ̀lú owó ilé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ní òpópónà mẹ́ta sí mẹ́rin sí ibẹ̀, tí wọn ò rí pápá yẹn látojú fèrèsé wọn rí, àwọn náà wà lára àwọn tí omi ń yọ lẹ́nu.

Ipele márùn-ún ni wọ́n pín iṣẹ́ náà sí. Wọ́n kó katakata wọlé, wọ́n gbẹ́ adágún kan fún ipele kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 100 gálọ́ọ̀nù, ẹ ṣírò ẹ̀ lọ́nà márùn-ún, mílíọ̀nù 500. Omi á gba abẹ́ títì wọlé síbẹ̀, á dúró, á wá máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ sínú Horsepen Bayou, láti ibẹ̀ sí Armand Bayou, ó di òkun.

Ibi tí mo ti wá gbà fún wọn nìyí. Oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjì líle tí wọ́n pè ní Harvey dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston nígbà yẹn, mi ò ní láti sọ fún yín. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni òjò fi rọ̀ láìdákẹ́, láwọn ibòmíì ó lé ní íńṣì 40. Ipele kìíní Exploration Green ò tíì parí, wọ́n ṣì ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́, ó kù bí ìdá kan nínú márùn-ún. Wọn ò tíì gbin igi, ẹrẹ̀ ṣì wà níbi gbogbo. Síbẹ̀ ó gba omi. Ilé bíi 150 tó wà nítòsí ẹ̀ tó jẹ́ pé omi ì bá wọ̀ ni omi ò wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú mi dé ẹnu géètì ọ̀rẹ́ wọn kan, ilé tí omi máa ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ tí òjò tí ò tó ìdajì Harvey bá rọ̀, lọ́dún 2017 yẹn omi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ìta, ó dúró, ó padà.

Èmi ńkọ́? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, èmi àti ìyàwó mi ń gbé ọmọ àti páálí ìwé àti àpò gàrí lọ sókè. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ ní pálọ̀. Ó jọ pé kò tó nǹkan àbí? Ọrùn ẹsẹ̀ lásán. Ẹ dúró kí omi fà, kẹ́ ẹ wá rí i bí ògiri sheetrock ṣe ń mu omi sókè bíi búrẹ́dì nínú tíì, wọ́n gé gbogbo ògiri ìsàlẹ̀ dé ìbàdí, wọ́n kó kápẹ́ẹ̀tì dànù, kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì bẹ̀rẹ̀ sí hu. Inṣọ́ránsì ilé tí mò ń san láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ní kì í ṣe ti omíyalé, pé ti omíyalé lọ́tọ̀ ni, èyí tí mi ò rà torí wọ́n sọ fún mi nígbà tí mo ń ra ilé pé àdúgbò wa kò sí lára ibi tó léwu. Owó tó bá a lọ, mi ò lè kọ ọ́ síbí, ìyá mi máa ń ka nǹkan tí mo bá kọ.

Ìyá mi yìí ló pè mí láti Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni, "Omíyalé ti tẹ̀ lé yín dé Amẹ́ríkà?" Ọmọ Ìbàdàn kì í gbàgbé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa ya, oṣù kan náà ni o, ẹ ò rí nǹkan, èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ. Ìyá mi ń tajà nítòsí ibẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n ní ilé ni èèyàn kọ́ débi tí odò fi ń wá ọ̀nà, pàǹtírí ni wọ́n dà kún èyí tó kù, odò wá padà wá gba ilẹ̀ ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ la máa ń rò pé ìtàn àwọn àgbà ni. Èmi ẹni tó ti ń gbọ́ ìtàn Ògùnpa láti kékeré ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé mi tí mò ń sọ fún màmá òyìnbó pé kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó ná.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí páàkì.

Ó dára láti rìn. Ọ̀nà ẹ̀ tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ ọmọ á yí lórí ẹ̀ láìsí wàhálà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rìn yí gbogbo ẹ̀ ká ó tó máìlì 6, àwa ò rìn tó ìdajì ẹ̀, ìyàwó mi wọ bàtà tí kì í ṣe bàtà. Kì í ṣe adágún oníkọnkéré o, wọ́n gbin koríko irà sí etí omi ká, ohun tí wọ́n sọ ni pé irà yẹn ló ń sẹ́ ìdọ̀tí inú omi òjò kó tó dé bayou, epo ọkọ̀ àti ajílẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fọ́n sórí koríko ilé wọn. Ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ ò fi rùn. Mo nasẹ̀ súnmọ́ ọn mo gbóòórùn ẹ̀, torí mo mọ bí omi tó dúró lójú kan ṣe máa ń rí, kò rùn.

Ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀. Lékeléke! Mo ń na èékánná mi sí i bí ọmọ kékeré, àwọn ọmọ mi ń wò mí pé kí ló ń ṣe dádì. Ẹ sì mọ̀ pé lékeléke tó ń tẹ̀ lé màlúù yẹn, láti Áfíríkà ló ti fò wá o, òun fúnra ẹ̀ ló fò kọjá òkun láìgba fisà, Gúúsù Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ bà sí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn, ó wá rìn dé Texas. Èyí tí mo rí létí omi, bóyá òun ni bóyá ẹ̀yà ẹ̀ míì ni, funfun ṣáà ni, mo kí i bí ará ilé.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn? Oòrùn. Ó ṣe tán igi tí wọ́n gbìn síbẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló yọ̀ǹda ara wọn tí wọ́n ń gbìn ín, ṣùgbọ́n igi ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn, kò tíì ní òjìji tó lè bo èèyàn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la débẹ̀, nígbà tó fi máa di mọ́kànlá mo ti ń wá ọ̀nà àtilọ sílé. Ẹ tètè lọ, aago méje, tàbí kẹ́ ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, tó bá sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ẹ fi oògùn ẹ̀fọn para, omi ni, ẹ̀fọn ò ní torí pé páàkì lẹ pè é kó má wá. Ẹ gbé omi mímu dání. Ẹ tọ̀ nílé kẹ́ ẹ tó jáde, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ etí omi jù, gúúsù Texas ni ibí, mi ò rí ọ̀nì o, ṣùgbọ́n mi ò ní bá omi kankan lápá ibí yìí búra.

Ọ̀fẹ́ ni. Mo fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa torí òun ni mo ń bá jà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó jẹ́ gọ́ọ̀fù, ẹni tó lówó gọ́ọ̀fù ló ń wọbẹ̀. Lọ́jọ́ tá a lọ, mo rí bàbá ará Íńdíà kan tó ń fi rosary wọn rìn jẹ́jẹ́, mo rí àwọn ọmọ Mẹ́síkò lórí kẹ̀kẹ́, mo rí màmá kan tó wé gèlè ilé tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Yorùbá gidi, ó ń ké mọ́ ẹnì kan nípa owó àjọ. Mo fẹ́ kí i ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó àjọ kò ṣeé dá dúró.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé owó tí wọ́n ń san ńkọ́. Wọ́n ní ó wọnú owó orí ilé wọn, kò sẹ́ni tó bú sẹ́kún. Èyí jẹ́ kí n lọ ka ìwé tí MUD tiwa fi ránṣẹ́, èyí tí mo ti sọ sídìí àpótí láìṣí i. Tí wọ́n bá fẹ́ yá owó ra ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ máa fi owó orí san án, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ká dìbò sí i, kì í ṣe pé ẹnì kan á jí lọ́jọ́ kan á kàn gbé owó lé wa lórí. Mo ṣírò ohun tó máa kàn mí lọ́dún. Kò tó owó tí mo fi pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì yàrá kan lẹ́yìn Harvey. Yàrá kan o.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òdìkejì ẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ rò pé wọ́n ti fún mi ní nǹkan jẹ. Ríra ilẹ̀ lọ́tọ̀, gbígbẹ́ ẹ lọ́tọ̀. Inwood Forest ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Houston níbí, ilẹ̀ gọ́ọ̀fù tí wọ́n tì pa náà ni, ìjọba ìlú Houston rà á pé kí wọ́n fi gba omi, àwọn ará àdúgbò sì dúró títí kí wọ́n tó rí katakata, Harvey ti dé ti lọ. Èyí tí wọ́n bá rà tí wọn ò gbẹ́, igbó ni, ejò yẹn náà ni á máa gbé ibẹ̀. Clear Lake náà, láti ọdún 2005 tí wọ́n ti tì í dé ìgbà tí Harvey fi bá wọn lẹ́nu ipele kìíní, ẹ ka ọdún tó wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé lọ sí mítìn MUD wa nìyẹn, mi ò bi wọ́n bóyá kí wọ́n rà á mọ́, mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ẹ, ta ló sì máa san ti gbígbẹ́, torí ibẹ̀ ni owó wà.

Tá a délé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú kúlà nínú búùtù, àmàlà àti gbẹ̀gìrì, mi ò tíì gbé e wọlé tí mo fi fẹsẹ̀ rìn lọ ilé màmá òyìnbó. Wọ́n ń bomi rin òdòdó. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ màmá, ìwé yẹn dà. Wọ́n ní mo ti rò ó tán ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n mú ìwé wá, mo buwọ́ lù ú, ìyàwó mi náà buwọ́ lù ú, Ọjọ́bọ̀ ni mítìn, aago méje alẹ́.

Exploration Green: ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún. Oòrùn ló jẹ ìdajì tó kù.